Ẹ̀rọ Tó Dán Jù

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹ̀rọ àdín mi kò dára! Èmi Ìbídùnní ni mo lọ yàn án fúnra mi ní Àkúrẹ́, mo sì mọ ohun tí mo rà. Irin gbọọrọ kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín ló wà nínú páìpù rẹ̀. Bí irin yẹn bá ń yí, á máa ti ekùrọ́ síwájú, síbi tó ti há, títí àdín á fi máa ṣàn.

Ìyá ọkọ mi ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo gbé e sí nílùú Oǹdó. Jesse oníṣìmẹ́ǹtì, ìbátan ọkọ mi, náà ń wá ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún. Màmá ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: "Bí àdín kò bá jáde lójú Fíkà ìjọ wa lọ́jọ́ ìyàsímímọ́ ẹ̀rọ yìí, Jesse ni n ó fún ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Ọjọ́ pé. Ẹ̀rọ ń dán gbinrin. Fíkà gbàdúrà, a ṣe àmín, mo tan án. Irin ń yí, ekùrọ́ ń bá a yí, kò síwájú, kò sẹ́yìn. Ẹ̀kán àdín kan kò yọ.

"Ẹ̀rọ oníjó lo rà, ìyàwó wa!" Jesse bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí mi! Mo pa ẹ̀rọ, mo ki ọwọ́ bọ páìpù. Ó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Àṣé ẹnìkan ti fi àdín ra inú rẹ̀! Ekùrọ́ gbọ́dọ̀ rí ara páìpù dì mú kí irin tó lè tì í lọ. Mo gbóòórùn ọwọ́ mi: àdín ìpara tí Màmá ń fi efinrin sè. Mo wojú wọn. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ẹyin lohùn. Bí mo bá sọ ọ́ níwájú Fíkà, mo ti dójú ti ìyá ọkọ mi nìyẹn.

"Màmá, ẹ bá mi bu pàǹtí ekùrọ́ gbígbẹ tí ẹ fi ń dáná wá. Òun ni ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ jẹ."

Wọ́n sáré gbé e wá, wọ́n sì dà á sí i fúnra wọn. Mo tún tan ẹ̀rọ, pàǹtí sì fa ọ̀rá inú páìpù mu tán. Mo da ekùrọ́ lé e. Ẹ̀rọ kérora, ó tì í, àdín sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

"Ẹ̀gbọ́n Jesse, ẹ wá wo ijó náà o!"

Nígbà tí èrò tú ká, Màmá sún mọ́ mi. "Èmi ni mo fi àdín ra á tinú tòde, kó lè dán."

"Mo mọ̀, Màmá. Mo gbóòórùn efinrin."

Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí mo máa ń dá padà fún wọn lálaalẹ́ létí ìró wọn, wọ́n fi sí ọwọ́ mi tó kún fún àdín.

"Má dá a padà fún mi mọ́," wọ́n ní.