Àgbọ̀nrín Kò Dúró

Ó ti pẹ́ tí nọ́ọ̀sì náà ti ń retí ìsinmi yìí. Wọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́ kì í dákẹ́. Bí ẹ̀rọ ò bá dún, aláìsàn á pè. Kò fẹ́ ju kó gun òkè, kó jókòó jẹ́ẹ́, kó wo àgbọ̀nrín níbi tó ti ń mumi. Àmọ́ bó ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ télọ̀ gbé báàgì wọlé.

"Àwa méjèèjì la jọ ń lọ."

Ta ni yóò lé ẹ̀gbọ́n ẹni padà?

Láti ìsàlẹ̀ òkè ni ẹ̀gbọ́n ti ń rojọ́ oníbàárà tó sanra lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn aṣọ rẹ̀. Olùṣọ́ igbó tó ń mú wọn lọ bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, etí ẹranko mú ju tiwa lọ."

"Mo ti gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn. Àbúrò gbé ìbínú mì.

Wọ́n ba sẹ́yìn àpáta tó kọjú sí ìsun omi. Ó pẹ́ kí ewé tó mì. Abo àgbọ̀nrín kan yọrí, ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e lórí ẹsẹ̀ tín-ín-rín. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú ni fóònù ẹ̀gbọ́n ké.

"Hẹ́lò? Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, orí òkè ni mo wà."

Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ibẹ̀ ti ṣófo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tiẹ̀ bá mi wá ṣe?" Nọ́ọ̀sì yíjú sí i.

Ẹ̀gbọ́n pa fóònù. "Màmá ló ní kí n máa ṣọ́ ẹ. Látìgbà tí ọkọ rẹ ti kó jáde, o ò bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń dá lọ jókòó sínú igbó, ọkàn wa ò balẹ̀ sí i."

"Ẹranko ni mo wá wò. Kò sóhun tó ṣe mí."

"Ohun tí gbogbo ẹni tí nǹkan ń ṣe máa ń sọ nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì ká okùn awò náà jọ. Bó bá bínú, wọ́n á ní nǹkan ń ṣe é. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní àwọn kúkú ti sọ. Ó ti awò bọ àpò.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, bàtà bó ẹ̀gbọ́n ní gìgísẹ̀. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó nù ún, ó ń fi báńdéèjì dì í. Ẹ̀gbọ́n ń wo ojú rẹ̀.

"Ṣó o rí ara ẹ báyìí? O ò sọ̀rọ̀."

Nọ́ọ̀sì fún báńdéèjì náà le ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbé báàgì àwọn méjèèjì, ó sì bọ́ síwájú.