Bátìrì Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Ó pẹ́ tí inú ti ń bí Mọ́ṣádé sí bátìrì méjì. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ní Odogbolu, ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ bátìrì inú rédíò olóògbé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ọwọ́ bàbá yín ló fi wọ́n síbẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Mọ́ṣádé ra tuntun wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó ṣí ẹ̀yìn rédíò, bátìrì ti tu omi, omi náà sì ti gbẹ di funfun bí iyọ̀ lára irin. Ó kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ, àmọ́ ó rò ó pé irin náà lè ṣẹ́, ló bá fi aṣọ gbígbẹ di bátìrì mú, ó ń mì ín díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì fi jáde.

"Màámi, ẹ wò ó. Wọ́n ti ń jẹ rédíò Bàbá."

Ìyá wò ó títí. "Dá ọ̀kan padà, kó wà pẹ̀lú tuntun."

"Òkú á fa alààyè lọ ni, Màámi."

Ìyá gba méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́ṣádé nu irin náà mọ́, ó to tuntun sí i, rédíò sì fọhùn.

Nígbà tó jáde, ó bá òkú bátìrì méjèèjì nínú oòrùn lórí pèpéle, níbi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń sá wọn ní gbogbo Sátidé kí wọ́n lè tún lágbára díẹ̀. Ìyá jókòó tì wọ́n, ó ń lé ewúrẹ́.

"Màámi, wọn ò lè jí mọ́."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Sátidé ni."