Òdo Tí Wọ́n Lé Kúrò Níwájú Nọ́ńbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ ń bẹ̀ mí pé kí n kọ́ yín níṣẹ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ̀yin náà lè di ọmọ tẹ́ẹ̀kì, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Tí mo bá rọ́ ọ tán, tẹ́ ẹ ṣì ń wá iṣẹ́ náà, a jẹ́ pé orí yín ló yàn án.

Lójú àlá náà, mo ń lọ síbi iṣẹ́. Mo dé Mọ́kọ́lá, mi ò bá ọ́fíìsì wa nílẹ̀. Ó ti gbéra, ó léfòó sójú ọ̀run, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó kan kó má baà bá afẹ́fẹ́ lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo kàn ń rò ni pé mo ti pẹ́. Mo gbé báàgì kọ́rùn, mo rọ̀ mọ́ wáyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ.

Kí ẹ lè mọ ohun tí à ń ṣe níbẹ̀: áàpù kan ni, Gbémidé lorúkọ rẹ̀. Tí aboyún bá ń rọbí, bọ́tìnnì kan ni yóò tẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, áàpù á sì pe awakọ̀ tó bá sún mọ́ ọn jù lọ kó wá gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀gá wa, Ládípọ̀, ti ròyìn áàpù yìí ní gbogbo ìpàdé àwọn ọmọ tẹ́ẹ̀kì láti Ìbàdàn dé Èkó. Wọ́n ti fún un ní ife-ẹ̀yẹ, wọ́n ti fún un ní fìlà, ó ti ya fọ́tò pẹ̀lú máìkì lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tí Gbémidé kò tíì ṣe ni pé kó gbé aboyún dé ilé ìwòsàn.

Lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, mo bá Òdo níbi tó jókòó sí. Òdo tí mo ń wí yìí ni òdo tó máa ń ṣíwájú nọ́ńbà fóònù wa gbogbo. Ó rí róbótó, ó tóbi tó táyà mọ́tò, ó di ẹrù rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Mo kí i, mo bi í pé kí ló ń ṣe níta.

"Wọ́n lé mi ni," ó wí. "Kóòdù yín ló lé mi. Ó ní òdo tó bá wà níwájú kò wúlò fún nǹkan kan, pé ẹ̀yìn ni òdo ti máa ń níyì."

Ó yé mi kíá. Ẹni tó kọ kóòdù náà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí áàpù ń tẹ̀ lé, ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó ka nọ́ńbà fóònù sí iye, bí ìgbà tí èèyàn ń ka iṣu. Kọ̀ǹpútà sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe: ó gba nọ́ńbà awakọ̀, ó ju òdo iwájú rẹ̀ nù, ó wá ń fi ìyókù pe ẹni tí kò sí láyé. Ẹni tó jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń tẹ òdo kó tó lè pe ìyá rẹ̀ ló kọ irú kóòdù bẹ́ẹ̀, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ẹ̀rọ.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, bàtà mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo bọ́ ọ, mo gbé e sétí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Wúrà, tó ń gbé ní Mọ́níyà, ló wà níbẹ̀.

"Ìṣọ̀lá, mo ti ń rọbí o," ó ní. "Bọ́tìnnì yín kàn ń yí lójú kan ni. Ṣé awakọ̀ ń bọ̀ àbí kò bọ̀?"

Mo ní ó ń bọ̀. Kí ni ǹ bá tún sọ? Mo wọ bàtà mi padà, mo gbé Òdo sábíyá, mo wọlé.

Ẹ gbọ́ òfin iṣẹ́ wa o. Kò sẹ́ni tó lè dá yí nǹkan kan padà nínú kóòdù. Ẹ ó kọ́kọ́ gbé àtúnṣe yín síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò, wọn á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Ó dáa lójú mi." Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ aráyé. Òfin náà dára. Àwọn tó ń lò ó ni kò dára.

Mo bá gbogbo wọn lórí ìdúró nínú ìpàdé àárọ̀, torí wọ́n ní tí èèyàn bá jókòó ṣèpàdé, ìpàdé á pẹ́. Wọ́n ti dúró títí, koríko ti hù lórí bàtà wọn. Mo gbé Òdo lé orí tábìlì. Mo ní ìlà kan péré ni àtúnṣe mi, kí wọ́n jẹ́ kí Òdo padà síwájú nọ́ńbà, pé aboyún kan ń dúró.

Fèyí, olórí àwọn tó ń yẹ kóòdù wò, yí Òdo po, ó ní ó ti róbótó jù. Ó ní ṣé kò ní í dára ká yí orúkọ rẹ̀ padà, torí pé Òdo ń bani lọ́kàn jẹ́? Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn pé tí áàpù wa bá dé òṣùpá ńkọ́, ṣé òdo ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà níbẹ̀? Wọ́n kan sáárá sí i, wọ́n ní ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ládípọ̀ wá gbọ́wọ́ sókè.

"Ìṣọ̀lá, kí ni Òdo yìí fẹ́ fi kún ilé iṣẹ́ wa gan-an?"

Mo ní òdo ni, kò fẹ́ fi nǹkan kan kún un, ó kàn fẹ́ dúró síwájú ni. Inú wọn kò dùn sí èsì náà rárá.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ ni irùngbọ̀n ń hù lágbọ̀n wọn, Fèyí tó jẹ́ obìnrin pàápàá kò gbẹ́yìn. Ìwo hù, ìrù tẹ̀lé e. Ládípọ̀ di òbúkọ, àwọn yòókù di ewúrẹ́, tòun ti ẹ̀wù ilé iṣẹ́ lọ́rùn. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò kúkú yí padà púpọ̀. Wọ́n sún mọ́ tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Òdo létí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹní ń jẹ èèpo iṣu.

"Ìṣọ̀lá," Òdo ní, "tí wọ́n bá fi lè jẹ mí já, mi ò ní jẹ́ òdo mọ́. Ìwọ̀ ẹja ni n ó dà."

Mo bojú wolẹ̀, ilẹ̀ ọ́fíìsì ti di gíláàsì. Mo rí Àǹtí Wúrà nísàlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé rẹ̀, òógùn bò ó. Bọ́tìnnì náà tóbi tó ọpọ́n ìfọṣọ níwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú tó bí mi ju àánú lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun kan tí mo ti ń rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé ìlà kan wá, wọn á jẹ ẹ́ lẹ́nu títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí ìlà kan ni ọ̀lẹ lè kà tán. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé kóòdù tó gùn bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ wá, kò sẹ́ni tó máa ṣí i. Mo kọjú sí ògiri, mo ki ọwọ́ bọ inú láàpútọ́ọ̀pù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa kóòdù jáde bí aṣọ. Mo fa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀: kóòdù ọdún tó kọjá, ìjà èmi àti onílé mi, bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà tí kò ní kókó, àti igbe àwọn ewúrẹ́ náà bí wọ́n ṣe ń ké e gẹ́lẹ́. Mo fi wé Òdo títí mi ò fi rí i mọ́, mo wọ́ ẹrù náà síwájú wọn.

Ládípọ̀ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó wá òpin rẹ̀ tì. Ó húkọ́.

"Ó dáa lójú mi," ó wí.

Fèyí náà ní ó dáa lójú òun. Gbogbo agbo ewúrẹ́ ní ó dáa lójú àwọn, wọ́n fi pátákò pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ní iṣẹ́ takuntakun ni mo ṣe. Òdo yọ jáde lábẹ́ ẹrù, ó yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀ láti ojú ọ̀run, ó lọ dúró síwájú nọ́ńbà. Gbogbo fóònù awakọ̀ Ìbàdàn dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo jí. Fóònù tèmi ló ń dún pé ilẹ̀ ti mọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ Àǹtí Wúrà ló kọ́kọ́ hàn níbẹ̀. Inú oṣù rẹ̀ ló wà lóòótọ́. Ó ní òun tẹ bọ́tìnnì wa wò, ó kàn ń yí, òun ti bá ọlọ́kadà kan sọ ọ́ kó máa fetí sílẹ̀. Aboyún tó ń rọbí lórí ọ̀kadà! Ojú tì mí.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Àtúnṣe onílà kan tí mo gbé síwájú wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà níbẹ̀. Fèyí kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí n wá orúkọ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Ládípọ̀ ní ká jẹ́ kó di ìpàdé. Mo pòṣé. Mo kó àwòrán tí a ò lò mọ́, kóòdù àtijọ́ àti oríṣiríṣi ràdàràdà, mo rọ́ gbogbo rẹ̀ lé ìlà kan náà lórí, mo fi ránṣẹ́. Omi tíì tí mo gbé kaná kò tíì hó tí Ládípọ̀ fi dáhùn: "Ó dáa lójú mi." Ó fi àwòrán àtẹ́wọ́ tì í lẹ́yìn.

Mo tẹ bọ́tìnnì náà lórí fóònù mi láti dán an wò. Ó yí, ó yí, ó dúró. Ẹnu ìfọyín ni mo wà tí ẹnì kan fi pè mí.

"Ẹ káàárọ̀ o," ohùn bàbá kan wí. "Èmi ni awakọ̀ Gbémidé, mo ti wà lẹ́nu géètì yín. Láti ìgbà tí mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀yin ni aboyún àkọ́kọ́ tó pè mí."

Mo tutọ́ ẹnu mi dànù. Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n má bínú, kí wọ́n máa lọ sí Mọ́níyà, aboyún gidi wà níbẹ̀.