Ọjọ́ Àwọ̀n Ọpẹ́fólúwa

Ooru gbá a lójú bí ó ti ṣí ìdérí ìkòkò. Ọpẹ́fólúwa ká àkísà dúdú rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó gbé agolo kéèkì kúrò lórí iyanrìn gbígbóná tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò náà, ó sì yí i wò. Apá kan pọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọge. Apá kejì ti jóná. Lábẹ́ ìkòkò, oparun gbígbẹ ń ta pàó-pàó nínú iná.

"Ìwọ ìkòkò yìí," ló wí, bí ẹni ń bá ọkọ tí kì í gbọ́ràn sọ̀rọ̀, "ọjọ́ tí mo bá ra ààrò tèmi, inú omi ni màá jù ọ́ sí."

Eré ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìbí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń yan kéèkì fún, kí ilé má baà sú u. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì ń ránṣẹ́, àwọn olùkọ́ ń ránṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì náà ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ìkòkò oníyanrìn kò lè yan ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ààrò onígáàsì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Olúrẹ̀mí ní Igbókọ̀dá. Dígí ni ilẹ̀kùn rẹ̀, ènìyàn lè jókòó kó máa wo kéèkì rẹ̀ bó ṣe ń wú. Bí àwọn ọmọbìnrin mìíràn ṣe ń lálàá aṣọ ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni Ọpẹ́ ń lálàá dígí yẹn. Olúrẹ̀mí ti bá a pa á mọ́ títí ó fi sú u. Ẹlòmíràn ti ń ná an. Ìrọ̀lẹ́ òní ni òpin.

Ìdí nìyẹn tó fi gba ọjọ́ àwọ̀n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é létíkun wọn nìyí: ẹni tí nǹkan bá há fún yóò ra epo ọkọ̀ fún àwọn apẹja, yóò sì bọ́ wọn, ohunkóhun tí àwọ̀n bá kó lọ́jọ́ náà, tirẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ omi lásán ló kó, tirẹ̀ náà ni. Gbogbo ohun tí Ọpẹ́ rí lórí kéèkì láti ìgbà òjò ló ti dà sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Kòkúmọ́.

Kòkúmọ́! Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni. Òun ló ni ọkọ̀, òun ló ni àwọ̀n, ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó.

"Ìyàwó, ṣé kéèkì lo fẹ́ fi bọ́ wa?" Promise, igbákejì Kòkúmọ́, ti ń pariwo láti inú ọkọ̀ kí Ọpẹ́ tó dé èbúté. "Kéèkì kì í fa àwọ̀n o!"

"Ẹ̀bà wà nínú kúlà, alájẹkì."

"Ẹ gbọ́! Ìyàwó gidi lọ̀gá wa fẹ́!"

Kòkúmọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó di ọwọ́ Ọpẹ́ mú, ọwọ́ tí ìyẹ̀fun ṣì wà láàárín ìka rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti òkun, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó dáa.

"Kòkúmọ́ mi, má lọ jìnnà," ni Ọpẹ́ wí. "Ibi tí mo ti lè máa rí ọkọ̀ rẹ ni kí o ju àwọ̀n sí. Mo bẹ̀ ọ́."

Ó wò ó lójú pẹ́. "Ẹja wà nítòsí náà. Wọ́n fẹ́ràn ibi tí ilé rì sí."

"Ṣé o mọ ojú àwọn ọ̀pá?"

"Bí mo ṣe mọ ojú rẹ."

Òkun ń jẹ ìlú wọn bó ti ń jẹ Ayétòrò tí wọ́n jọ pààlà. Ilé tó bá rì, wọ́n á gún ọ̀pá oparun sórí rẹ̀, wọ́n á so aṣọ pupa mọ́ ọn lórí, kí àwọ̀n ẹnikẹ́ni má baà há síbẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀pá tó ti wó, dandan ni kó gbé e fún àwọn àgbà ọlọ́kọ̀, kí wọ́n tún un gún. Ọmọ kékeré mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ lọ. Ọpẹ́ jókòó ti Ìyá Àdùkẹ́, tó ń ṣètò àgbá tí yóò fi yan ẹja. Òun ló fẹ́ ra gbogbo ohun tí àwọ̀n bá kó.

"Yé wo òkun bẹ́ẹ̀," ìyá náà wí. "Kò fẹ́ kí wọ́n máa wo òun lẹ́nu. Omi la kọ́kọ́ ń tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà."

"Ẹ̀rù! Ẹ̀rù ọkọ àbí ẹ̀rù ẹja?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ sí àwọn ọ̀pá tó wà lójú omi. "Wò ó. Ilé ìwé nìyẹn. Ilé pásítọ̀ nìyẹn. Ilé búrẹ́dì, níbi tí ìyá ìyá rẹ ti ń po ìyẹ̀fun..." Ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, ó wá ọ̀pá ibẹ̀ títí. "Ojú mi ò ríran mọ́, jàre."

Ọpẹ́ kò wo ibẹ̀. Ara ọkọ̀ lojú rẹ̀ wà.

Oòrùn kò tíì dé àárín ọ̀run nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ó ti yá jù. Ọkọ̀ náà ń fò lórí omi bí ewé, ẹni tó bá sì dàgbà létíkun mọ̀ pé ọkọ̀ tó kó ẹja kì í fò.

Promise ló kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀. "Ó tán! Ilé búrẹ́dì ti fa àwọ̀n ya! Ìdajì rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún!" Ó ju ẹja kan ṣoṣo síwájú Ọpẹ́. "Tìẹ rèé. Ọjọ́ àwọ̀n rẹ rèé."

"Promise! Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" Kòkúmọ́ sọ̀ kalẹ̀. Okùn ti ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí pákó. "Ọ̀pá yẹn ò sí níbẹ̀," ó wí fún gbogbo wọn, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. "Mo wá aṣọ pupa títí. Mo rò pé a ti kọjá ibẹ̀."

"Ìjì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wó o," ni Ìyá Àdùkẹ́ wí. Ó ti ń da omi sórí iná rẹ̀. "Ẹni tó bá sì rí i létíkun tí kò gbé e wá, Ọlọ́run ló máa bi í."

Nílé, Ọpẹ́ gbé kẹ́tùlù kaná láti fi wẹ ọgbẹ́ náà. Oparun tó ṣẹ́kù ló kó sí i. Kòkúmọ́ jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí igun yàrá tó ṣófo, tí wọ́n ti gbá mọ́ tónítóní.

"Ibí yìí lo fẹ́ gbé ààrò náà sí?"

"Ibẹ̀ ni."

Ìgbì rọ́ kọjá lábẹ́ pákó ilé. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

"Àwọn apẹja ìlú Molutehin ń wá ẹni tó máa bá wọn wa ọkọ̀," ó wí. "Màá lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ná."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí n ó fi rí àwọ̀n mìíràn."

Ọpẹ́ mọ àwọn tó ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ó mọ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú.

"Má sunkún. Ẹ̀bi rẹ kọ́," Kòkúmọ́ wí jẹ́ẹ́. "Bí mo bá rí aṣọ yẹn ni, ǹ bá ti yà kúrò níbẹ̀."

Omi hó. Kí Ọpẹ́ tó dìde, Kòkúmọ́ ti na ọwọ́ tó dáa mú àkísà dúdú náà lórí ìṣó, ó fi gbé kẹ́tùlù. Omi gbígbóná ta sí àkísà náà. Kókó àtijọ́ kan tó wà létí rẹ̀, tí Ọpẹ́ kò tú rí, rọ̀, ó sì tú fúnra rẹ̀.

Inú kókó náà pupa. Pupa fòò, bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.

Ọpẹ́ rántí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìjì náà. Gbogbo igi ìdáná ti rin gbingbin, ṣọ́ọ̀ṣì sì ń retí kéèkì. Oparun kan sùn sí ẹsẹ̀ afárá wọn bí ẹ̀bùn, àkísà kan wà lára rẹ̀ tí ẹrẹ̀ àti epo rọ̀bì ti sọ di dúdú. Ó ti kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó sá oparun náà gbẹ, ó sì fọ àkísà náà, torí ó nípọn, ó dára fún ìkòkò gbígbóná. Ṣé kò tilẹ̀ rò ó wò pé ó lè jẹ́ ọ̀pá ilé tó rì? Kéèkì ló ń rò.

Kòkúmọ́ ti ń fi àkísà náà wé ọwọ́ rẹ̀, láìkíyèsí kókó náà. Ó gbé e sí imú, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Òórùn kéèkì ló ń run," ó wí. "Màá mú un lọ sí Molutehin."

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì. Orúkọ Olúrẹ̀mí ló yọ lójú rẹ̀.

"Gbé e, olólùfẹ́ mi."

Ọpẹ́ la ẹnu. Nínú iná, oparun ìkẹyìn ta pàó.