Àpótí Ìkéde Padà Sípò Kíkà

Láti ọjọ́ Ajé ni àpótí ìkéde tí mo ṣe sójú ìwé ayélujára ilé iṣẹ́ wa ti ń fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ tẹ "Àtúnṣe", á ṣí. Ẹ kọ̀wé, ẹ tẹ "Fi pamọ́", kò ní padà sípò kíkà kí ará ilé iṣẹ́ lè rí i. Láàárọ̀ yìí, ọwọ́ mi tẹ àṣìṣe náà! Ìlà kan péré nínú Java, èdè tí mo fi kọ ètò rẹ̀, ni mo gbàgbé. Mo fi ìlà náà sí i, mo fò sókè, mo ké sí ọ̀gá pé kó wá wò ó, àpótí ti ń ṣiṣẹ́.

"Irọ́ ńlá!" Ọ̀gá fi ẹ̀fẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Kò síṣẹ́ lọ́la." Ó tẹ "Fi pamọ́".

Wéré ni àpótí bọ́ sípò kíkà lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ariwo ayọ̀ sọ nísàlẹ̀ ilé.

"Pa á rẹ́ kíá!"

"Ọ̀gá mi, ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti balẹ̀."