Àga Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ De Agogo

Agogo ni gbogbo ìlú ń pe ọkùnrin yìí, nítorí ohùn rẹ̀. Òun ló ń ka ìròyìn ìrọ̀lẹ́ lórí rédíò, kò sì sí orúkọ tó díjú tí ahọ́n rẹ̀ kì í là já láìfarapa. Wọ́n ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sí pálọ̀, níbi tí àlejò ò ti lè jókòó láìrí i. Ohun tí àlejò kì í rí ni ìgò tó wà lẹ́yìn àwọn ìwé ńláńlá. Agogo a mu díẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, díẹ̀ tó bá dé, àti díẹ̀ láàárín díẹ̀ méjèèjì.

Ìyàwó rẹ̀ ò pariwo. Ó kàn di aṣọ ara rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwọn kan máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé, àwọn tí ọtí ti dì mú rí, tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ó júwe àdúgbò náà fún un.

"Dádì, tí ẹ ò bá lọ jókòó sáàárín wọn, ẹ ò ní bá mi nílé."

Agogo gbà láti lọ. Kì í ṣe ọtí ló ń bà á lẹ́rù. Ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa ìyẹn. Ohùn ni. Rédíò kì í fi ojú hàn, ṣùgbọ́n tó bá fi lè la ẹnu pẹ́nrẹ́n, àṣírí tú. Ó wá pinnu pé òun á ṣe bí odi títí òun á fi padà délé.

Bí wíwá ibẹ̀ ṣe di eré nìyẹn, torí odi ò lè béèrè ọ̀nà. Ó dúró níwájú ilé ìfọṣọ kan, ó gbé ìgò tí kò sí sẹ́nu, ó mi orí, ó jù ú nù. Obìnrin alágbàfọ̀ tó ń lọ ṣòkòtò níbẹ̀ wò ó títí. Àwọn èèyàn sì máa ń rò pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ náà ti di. Nítorí náà obìnrin yìí kígbe fèsì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará òdìkejì títì fi yọjú, pé òkè ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń sá fún ọtí ti ń pàdé, òun náà wà lára wọn, kó jẹ́ kí òun pa áyọ́ọ̀nù káwọn jọ gòkè. Ilẹ̀ ì bá lanu, Agogo ì bá wọlé síbẹ̀.

Wọ́n ti to àga yí ká nínú yàrá òkè, òórùn ọṣẹ ń bá fèrèsé wọlé. Kò sẹ́ni tó bi í lórúkọ. Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń sọ̀rọ̀, ó wọ kóòtù nínú ooru, ó ń sọ bí òun ṣe máa ń bu ọtí mọ́ omi ọsàn lórí ìjókòó ẹjọ́. Inú Agogo dùn díẹ̀: tòun ò tíì burú tó báyẹn. Ó ti ń to bí òun ṣe máa ròyìn ìpàdé náà nílé.

Alágbàfọ̀ gbé tíì yí ká. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Agogo, ó fọwọ́ júwe ṣúgà fún un. Ẹ̀kọ́ ilé ló pa ọkùnrin náà.

"Ẹ fi kan sí i fún mi, ẹ ṣeun gan-an ni, mà."

Àfi bí ìgbà tí wọ́n tan rédíò. Gbogbo ṣíbí dúró nínú ife. Agogo wo ilẹ̀kùn, ó ń retí kí ẹnu ya wọ́n.

Kò yà wọ́n. Adájọ́ nawọ́ sí àga tí Agogo jókòó lé. "Ẹ káàbọ̀, Agogo. Ó ti pẹ́ tí a ti fi àga yẹn sílẹ̀ dè yín."

 Agogo bi wọ́n bóyá ìyàwó òun ló wá rojọ́. Alágbàfọ̀ ní ìyàwó wo, àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, orí rédíò làwọn ti gbọ́.

"Orí rédíò kẹ̀? Mi ò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè rí."

"Òun náà nìyẹn," Adájọ́ fèsì. "Ẹni tí ojú ẹ̀ dá, tí kò mutí, máa ń gé ọ̀rọ̀ jẹ. Á kọsẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á máa lọ. Ẹ̀yin, ẹ̀ ń di ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mú bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Bí mo ṣe ń ka ìdájọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ọgbọ́n ló jẹ́ kí n máa rọra. Ọtí ni."

Alágbàfọ̀ ta ko ó pé òun lòun kọ́kọ́ fura, kì í ṣe Adájọ́. Adájọ́ tún kóòtù ṣe, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àní níbi tí a ti jọ ń jẹ́wọ́, èèyàn ṣì ń du ipò kìíní.

Agogo ò gbọ́ wọn. Àmì ẹ̀yẹ inú pálọ̀ ló ń rí. Ohun tí wọ́n fi yìn ín ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní èéfín nìwà. Òun ti ń fẹ́ tirẹ̀ sínú gbogbo ilé ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ó sì ń retí àtẹ́wọ́. Ó fẹ́ sọ gbólóhùn kan tó dán, ó fọ́ sí i lẹ́nu.

"Mo... ọtí... mi ò lè jáde nílé láìmu."

Kò sẹ́ni tó yìn ín. Alágbàfọ̀ kàn gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Nígbà tí Agogo délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ Adájọ́. Agogo ń lọ ní Sátidé dé Sátidé, ṣùgbọ́n báàgì ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó ṣe, ó ń ka ìròyìn lọ́wọ́, ó dé orí orúkọ mínísítà kan, ó kọsẹ̀. Ó tún un pè, ó tún kọsẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá rẹ̀ sáré wọlé wá bi í bóyá ó ti mu nǹkan. Nínú ilé ìfọṣọ, alágbàfọ̀ tó ń gbọ́ rédíò rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi áyọ́ọ̀nù jó ẹ̀wù oníẹ̀wù. Ìyàwó Agogo pa rédíò, ó gbé báàgì wọ yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ kọ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan.