Igba Ìṣísẹ̀ Bàbá

Kí Bàbá wa tó kú, ó pín oko Ahoyéyé fún àwa ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní láti ìdí ìrókò, igba ìṣísẹ̀ òun ni tèmi. Ìyókù títí dé odò jẹ́ ti Bonaventure, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyálé. Kò sí ẹni tó sàmì sí ààlà. Ní ọdún kejì òmìnira, Bonaventure fi iṣẹ́ akọ̀wé rẹ̀ ní Sakété sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó ní òun wá fi ààlà sí i.

Mo ti ka tèmi tipẹ́. Mo gbéra nídìí ìrókò, mo ka igba, mo sì kọjá ọ̀pẹ mẹ́sàn-án kan tó tò tẹ̀ léra kí n tó dúró. Epo wọn ni Marguerite, ìyàwó mi, ń sè tà. Òun la fi ń jẹun.

"Zacharie, ẹsẹ̀ ta lo fi kà á?" Bonaventure bi mí níwájú Bàbá Fálúyì, àbúrò bàbá wa.

"Ẹsẹ̀ mi. Igba ni igba ń jẹ́."

"Ìdí nìyí tí o ò fi lè parí kíláàsì kẹta. Bàbá tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tó ń tiro! Lọ́jọ́ tó pín oko, ṣé eré ló ń sá?"

Èmi ni mo gbé Bàbá délé lọ́jọ́ tó já bọ́. Mo ka ìṣísẹ̀, n kò fi ojú inú wo ẹni tó rìn ín. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ìyẹn fún un láéláé.

Bonaventure bọ́ bàtà. Ó di orúnkún mú, ó gbé èjìká kan sókè, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Àfi bíi pé Bàbá ló jí dìde. Bàbá Fálúyì bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n mi ka igba, kò tíì dé ọ̀pẹ àkọ́kọ́ tó fi dúró. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán di tirẹ̀.

Èmi ò sunkún. Òjò ti rọ̀ lánàá, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn kedere lórí ilẹ̀ pupa. Mo ṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́ kan, mo gé e kó bá ìṣísẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ mu, mo gbé e lé èyí tó kẹ́yìn. Igi náà fi ìbú ọwọ́ méjì gùn jù ú.

"Bàbá Fálúyì, ẹ wá wò ó. Ṣé bí Bàbá ṣe ń sún mọ́ ọ̀pẹ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kúrú sí i?"

"Ó rẹ̀ mí ni," Bonaventure ní.

"Ojúkòkòrò kì í rẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń rẹ̀ yín."

Bàbá Fálúyì nu ojú. "Ẹ pa ẹnu yín mọ́! Zacharie, o ka, o ò ro ti ẹni tó rìn. Bonaventure, o rántí ẹni tó rìn, o wá fi jalè. Ẹ mú igi yẹn wá."

Ó ní ká máa fi igi náà wọn ilẹ̀ láti ìdí ìrókò títí yóò fi pé igba. Ó parí sáàárín ọ̀pẹ karùn-ún àti ìkẹfà. Márùn-ún tèmi, mẹ́rin tirẹ̀.

Bonaventure na ẹ̀ka pèrègún tí a ó fi sàmì ààlà sí mi. "Gbà, ká jọ gbìn ín."

N kò gbà á. Òun nìkan ló gbìn ín. Bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ lọ, mo tún ilẹ̀ náà wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀. Ó wù mí kí ìwọ̀n náà yẹ̀, kí n lè fa pèrègún náà tu. Kò yẹ̀ rárá. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.